Ẹyẹ Tí Akínṣọ́nà Ń Wá

Dúró ná, ìwọ tí ọwọ́ rẹ ti ń yá láti ṣí ojú ewé yìí kọjá. Fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀, kí o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bajúláyé, ní Ṣómólú, lọ́dún tí ìwé ìtàn kan fẹ́ sọ ará di ọ̀tá.

Ìwé náà ni ti Akínṣọ́nà, jagunjagun tó wọ Ilẹ̀ Òkùnkùn lọ bá àwọn iwin jà. Japhet Ikúmápàyí, ará Ìlàjẹ kan tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe ní Bàrígà, ló kọ ọ́. Pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló ń jáde láti ilé ìtẹ̀wé Ezekiel. Ìpín kìíní dùn ju oyin lọ. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn á pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù Àkànó káfíńtà, tí wọ́n tún ń pè ní Bàbá Fadékẹ́, Àkànó á sì kà á sókè fún wọn, nítorí òun ló ní ohùn. Lọ́jọ́ tí Akínṣọ́nà bẹ́ òjòlá olórí púpọ̀ lórí, ariwo wọn pọ̀ débi pé àwọn tó ń lọ sí Onípanu yà wá wò ó bóyá ilé ló ń jó.

Lẹ́yìn náà Japhet dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé. Nígbà tí ìpín kejì jáde, Akínṣọ́nà kò mú idà mọ́. Ẹyẹ kékeré kan tó máa ń sùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti kú. Àwọn ará ìlú ti Akínṣọ́nà mọ́ yàrá, wọ́n fi aṣọ funfun bo ẹyẹ náà, wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn láti bodè dé bodè, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi gbogbo oníbodè: "Níbo lẹ gbé e sí?"

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Jagunjagun wo ló ń sunkún ẹyẹ?" ni Gbádégẹṣin télọ̀ wí. "Bó bá tiẹ̀ jẹ́ tòlótòló, à bá ní ọdún Kérésì ló ń rò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀," ni Munirat, tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, dáhùn. "Mi ò mọ ìdí ẹ̀, àmọ́ tí Bàbá Fadékẹ́ bá ti kà á dé ibi ìbéèrè yẹn, omi á kàn máa bọ́ lójú mi. Èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"Ojú ló ń dùn ẹ́," ni Gbádégẹṣin fèsì. "Gba Igbóbì lọ."

"Egungun ni wọ́n ń tò ní Igbóbì, aláìmọ̀kan. Ìwọ ni kó o lọ, kí wọ́n bá ẹ to ahọ́n ẹ."

Bí wọ́n ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní ọwọ́ tó kọ ti ìṣáájú kọ́ ló kọ èyí. Àwọn kan ní ọwọ́ kan náà ni, ọkàn ló jìn sí i.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kórìíra ìpín kejì tó Àkànó. Ohùn rẹ̀ tó ń dún bí agogo tẹ́lẹ̀ wá di ohùn ẹni tó ń kánjú. Nígbà mìíràn á fo ojú ewé kan, Munirat á ní, "Bàbá Fadékẹ́, kò so mọ́ra o." Á ní ọ̀rọ̀ asán ni, pé onígbàgbọ́ kì í jókòó ti òkú, kí Akínṣọ́nà lọ mú idà rẹ̀.

Mojíbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, bi í nílé. "Ọ̀rẹ́ yín mà ni Japhet. Ẹ kì í dé Bàrígà mọ́. Ẹ ò ṣe lọ bá a, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ń dùn yín fún un?"

"Mi ò ní nǹkan kan án sọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ kì í lè jẹun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kà á?"

Àkànó mú ìfági rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó yá, ìwé ẹyọ kan ló kù kí ìpín kejì parí. Ezekiel ní òun kò ní tẹ̀ ẹ́ àfi bí àwọn òǹkàwé bá fẹ́ ẹ. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kí Japhet padà sógun. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pinnu rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Àkànó, Japhet fúnra rẹ̀ wá. Ó ti rù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ṣàánú mi, ẹyọ kan péré ni. Mi ò tíì kọ ọ́, torí mi ò mọ ibi tí ẹyẹ náà wà. Mò ń retí kí ẹnì kan sọ fún mi ni."

Gbádégẹṣin pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Alásè ló ń bi àlejò pé kí ló wà níkòkò!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Japhet kò rẹ́rìn-ín. Àkànó ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bó bá jẹ́ abẹ́ igi ni, ẹ ní abẹ́ igi. Bó bá jẹ́ etí ọ̀sà ni, ẹ ní etí ọ̀sà. Akínṣọ́nà kò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Yóò kàn jókòó tì í ni."

"Ìtàn tìẹ ni, Japhet," ni Àkànó wí. "Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Munirat àti àwọn obìnrin kan ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gbádégẹṣin àti àwọn tirẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ariwo náà kò rọlẹ̀, Ezekiel ní kí ẹni tó ń kà á fún wọn sọ èyí tí àwọn máa ṣe. Gbogbo ojú yí sí Àkànó. Ó fi ọwọ́ gbá èérún igi kúrò lórí tábìlì, ó tún gbá ibi tí kò sí èérún.

"Kó padà sógun," ó ní.

Japhet dé fìlà rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Ó gba ọ̀nà Bàrígà lọ, kò sì kọ ìwé mọ́ títí ó fi kú.

Ẹyẹ kankan kò sí: Ọmọ́ṣaléwá ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Japhet bí, tí ibà pa ní ẹ̀ẹ̀rùn tó dákẹ́ yẹn, tí Àkànó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí fún, tó sin ín, tó sì búra fún àwọn àgbà pé òun kò ní fi ibẹ̀ han bàbá rẹ̀ láéláé, nítorí a ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ; ìwọ náà tí o mọ irú ibi bẹ́ẹ̀ tí o sì pa ẹnu mọ́, mo fi Ẹni tó sunkún létí ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí, di bàbá ọmọ náà lọ́wọ́ mú, kí o sì mú un lọ síbẹ̀.