Táyà Tí Yóò Gun Òkè

Ọjọ́ tí káfíńtà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó múra kí àwọn lọ yan táyà tuntun sí píkọ́ọ̀pù wọn, ẹnu ya obìnrin náà. Aránṣọ ni. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti wà ní jòjòló ló ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ nítorí táyà yìí kan náà.

Orí òkè ni ilé ìyá rẹ̀ wà. Òkúta ẹlẹ́nu mímú ló wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀, amọ̀ pupa ló wà láàárín, odò kékeré kan tí kò ní afárá sì dábùú rẹ̀ kí èèyàn tó débẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, inú amọ̀ yẹn ni ọkọ̀ wọn ti ń yọ̀ síwá yọ̀ sẹ́yìn títí wọ́n fi ṣẹ́rí padà. Wọ́n sin bàbá náà láìsí ọmọ rẹ̀ yìí níbẹ̀. Látìgbà náà, orí fóònù nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bó bá sì ti dárúkọ táyà, ọkọ rẹ̀ á ní pákó tí òun ń kó kiri ìgboro kò bèèrè táyà olókè.

Ní báyìí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti relé ọkọ, ilé ti dákẹ́ rọ́rọ́, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Aránṣọ kò bi í ní ohun tó yí i lọ́kàn padà. Bàtà rẹ̀ ló sáré wọ̀.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni ẹni tó ń ta táyà, a máa gbá táyà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́yìn. Ó fi èyí tí eyín rẹ̀ kò jìn hàn wọ́n, ó ní títì ọlọ́dà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ó fi èyí tí eyín rẹ̀ tóbi, tó sì jìnnà síra hàn wọ́n, ó ní ẹrẹ̀ kò lè dá a dúró, àmọ́ bó bá dórí ọ̀dà, yóò máa hó lẹ́tìí wọn bí ilé oyin. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè irú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà.

Káfíńtà nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Òun ló mọ ọ̀nà yẹn. Èyí tó bá mú la máa gbé lọ."

Obìnrin náà wo ojú ọkọ rẹ̀. Kódà kọ́tìnnì tó wà ní pálọ̀ wọn, ọkùnrin yìí ló yan àwọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀nà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Olùtà náà gbọ́ ọ tán, ó yí táyà kan jáde tí eyín rẹ̀ jìn ṣùgbọ́n tó sún mọ́ra, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn débi pé òkúta kò lè tètè là á. Ó ní èyí gba ọ̀dà, ó gba ẹrẹ̀. Aránṣọ ń ti ìka bọ àárín eyín rẹ̀ bí ẹni ń yẹ ojú rírán wò, ó bèèrè bóyá òkúta wẹ́wẹ́ kò ní há síbẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní òun ti mú un.

Ohun kan péré ni káfíńtà bèèrè: ṣé yóò gba ẹrù?

"Irú ẹrù wo?"

"Ẹrù ilé. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, àpótí. Mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fẹ́ gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

Olùtà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá de táyà yìí, ìgbà tó bá wù ú ni yóò máa gun òkè. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, aránṣọ bi í pé, "Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé ti Màámi ni?"

"Ilé wọn ló ń lọ."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé apá ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò náà, ọkọ rẹ̀ ní kó lọ fi gbogbo aṣọ tó ti rán jíṣẹ́, kí oníbàárà kankan má baà máa wá a. Nígbà tó máa fi dé, wọ́n ti di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ gègèrè, wọ́n fi tapólì bò ó, wọ́n sì fi okùn wé e. Ó fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé odidi igbó wo ló gé fún ìyá òun. Ọkùnrin náà ti ti ilẹ̀kùn ilé pa, ó ń fa okùn wò bóyá ó le.

Ọmọ wọn pè lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ tọ́jú ara yín o," ló ń tún sọ ṣáá. Ó ń fa imú, ó ní ọ̀fìnkìn ni.

Òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Táyà náà gun òkúta, kò mì. Nígbà tí wọ́n dé inú amọ̀ tí wọ́n ti ṣẹ́rí padà lọ́dún tí bàbá kú, ó gbá ilẹ̀ mú ṣinṣin, kò yọ̀ rárá. Omijé bọ́ lójú aránṣọ.

"Ká ní a ní i nígbà yẹn."

"Mo mọ̀," ọkọ rẹ̀ dáhùn, kò gbójú kúrò lọ́nà.

Kí wọ́n tó sọdá odò, obìnrin náà ti forí jì í pátápátá.

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó ti gbó ju bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún lórí fóònù lọ. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Káfíńtà dúró títí wọ́n fi ṣe tán. Ó kí ìyá arúgbó náà tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó tú okùn, ó ká tapólì kúrò, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tó ti ń fi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yan táyà bèèrè pé:

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, yàrá wo lọmọ yín ń sùn kí n tó fẹ́ ẹ, kí n lè mọ ibi tí màá já àwọn ẹrù ẹ̀ sí?"