Eyín Tí Ń Gbọ́rọ̀
Ní gbogbo àárọ̀, kí Mọ́rádékẹ́ tó mu ẹ̀kọ, ó máa ń pa ẹnu dé kí eyín mẹ́ta tí wọ́n gbìn sí i lẹ́nu lè wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìròyìn á dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, Tèmídire, tó ní kí wọ́n gbin àwọn eyín náà.

Lọ́jọ́ kan, Tèmídire pè é lórí fóònù.

"Màmá, ẹ fẹ́ lọ́kọ lẹ́ni àádọ́rin ọdún?"

Àbúrò rẹ̀ nìkan ni Mọ́rádékẹ́ sọ ọ́ fún, nínú yàrá.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Eyín yín ni. Mo ní kó máa gbọ́rọ̀, kí n lè mọ̀ bí ẹ bá ṣubú."

"O ti ń gbọ́ mi láti ọdún méjì? Ìwọ tí mo fún lọ́mú?"

Mọ́rádékẹ́ pa fóònù.

Lọ́sàn-án, ó lọ bá oníṣègùn eyín pé kó yọ àwọn eyín náà, ìyẹn sì kìlọ̀ fún un pé kò ní lè jẹ ẹran dáadáa mọ́.

"Yọ wọ́n," ni ìyá wí.

Pẹ̀lú ẹnu wíwú ló fi dé ilé Bàbá Ládépò, ọkùnrin tó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì sọ fún un pé òun gbà.

Inú bàbá dùn. "Ṣé ká pe Tèmídire?"

Omi bọ́ lójú Mọ́rádékẹ́. "Rárá. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò."