Ẹni Tó Pa Àlọ́ Ìbídùn

"Ta ló pa àlọ́ Ìbídùn fún ọmọ mi?"

Tàjùdéèn ló ń pariwo nínú oko kòkó rẹ̀ ní Ìpotì, lọ́dún kẹta òmìnira. Akin lórí obìnrin, ojo níwájú ọ̀bọ tó ń jẹ kòkó rẹ̀!

Ìbídùn ni ọmọdébìnrin inú àlọ́ àtijọ́ tó dúró sáàárín ẹkùn àti ìyá rẹ̀, tí kò sá. Àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Amudalat, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mọ̀ ọ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na apá méjèèjì níwájú ìyá rẹ̀ ni.

"Bàbá, èmi ni Ìbídùn. Ẹ ò ní í lu ìyá mi mọ́."

Tàjùdéèn tì í ṣubú sórí èèpo kòkó.

Kóbókò balẹ̀ lẹ́yìn Sìdíkàt, ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ọ!"

"Mi ò mọ àlọ́ kankan, bàbá Amudalat!"

Ó tún nà án. Ẹ̀jẹ̀ rin bùbá rẹ̀.

"N ó ṣẹ́ eegun ẹni tó kọ́ ọ lónìí!"

"Ó dáa. Èmi rè é."

Àṣíáwù ni, ìyá tó bí Tàjùdéèn, tó ti ń fi kùmọ̀ fọ́ kòkó láti àárọ̀. Ó dìde.

"Yèyé, ẹ jókòó," ni Tàjùdéèn wí.

"Ìyàwó mi lò ń lù. Ta ni mo kọ́kọ́ pa àlọ́ yẹn fún? Ọjọ́ tí bàbá rẹ gbá eyín mi dànù, ta ló dúró níwájú mi, tó ní òun ni Ìbídùn? Ṣé ìwọ kọ́ ni?"

Tàjùdéèn tún gbé kóbókò sókè.

Àṣíáwù la kùmọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, egungun sì kán.