Ariwo Ẹ́ńjìnì Tó Dí Mẹkáníìkì Létí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń bú ramúramù, ẹ dákun, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Etí-Ò-Purọ́. Tí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn, kì í kọ́kọ́ tú nǹkan kan. Á ní kí wọ́n sítáàtì ẹ̀, á dijú, á tẹ́tí. "Táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ni." Tí wọ́n bá tú u, ibẹ̀ náà ni. Ìyìn yẹn pọ̀ títí ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

2.
Ìgbà tó ra ọkọ̀ tiẹ̀ ló gé sàlẹ́ńsà ìdí ẹ̀ tó ń dín ariwo kù dànù. Tó bá tẹ iná, ọkọ̀ a bú, àyà ẹ̀ a máa lù kìkì, ara ẹ̀ a gbóná bíi ti ẹni tó fẹ́ wọ̀jà. Ẹ jẹ́ n sòótọ́: ariwo yẹn ń gunni. Ẹni táwọn oníbàárà ti ń jágbe mọ́ látàárọ̀ á rò pé òun ti dọba.

3.
Ìyàwó ẹ̀, aránṣọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè é lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀.

"Dádì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, nǹkan kan ń ha lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó dà bíi kí irin máa ha irin."

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbọ́ nínú ariwo yìí? Ẹ ṣáà bá mi yọ táyà yẹn wò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi àtìwọ, ta ni mẹkáníìkì? Tó bá ń dún, etí mi á ti sọ fún mi."

Nọ́ọ̀tì mélòó kan ni kó tú, kò tú u. Bíréékì gbogbo ayé ló ń yẹ̀ wò, àfi tilé ẹ̀.

4.
Ọ̀sán Sátidé ni, òun àtìyàwó ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ọkọ̀ ń bú, orí ẹ̀ ń wú, ó tún tẹ iná sí i. Àṣé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dúró níwájú. Ó tẹ bíréékì, kò mú. Ó tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ìyàwó ẹ̀ jókòó sí ló wọ abẹ́ akẹ́rù.

Ní ọsibítù, ìyá ìyàwó bá a lórí bẹ́ǹṣì, báńdéèjì lórí ẹ̀. Màmá ò sunkún.

"Ṣé ọmọ mi sọ fún ẹ pé ọkọ̀ yẹn ń dún?"

"Ó sọ fún mi, Mà."

"Kí lo wá dá a lóhùn?"

Màmá wọlé lọ bá òkú ọmọ ẹ̀, ó tilẹ̀kùn.

Lónìí, tí ọkọ̀ bá ti bú nítòsí Etí-Ò-Purọ́, sùpánà a bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ń mórí yín wú. Tẹ́ni tó fẹ́ràn yín bá ní òun gbọ́ ohun tẹ́yin ò gbọ́, ẹ páná ọkọ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bi í pé kí ló mọ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.