Èjìká Bàbá Urho

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí bàbá yìí jóná nínú ilé ìwẹ̀ olóoru," ni dókítà wí fún Tellervo, ìyàwó ọmọ bàbá náà. Ìléròrò kún ẹ̀yìn Urho arúgbó.

"A ò dáná ibẹ̀ látìgbà tára ti ń ro wọ́n, Dókítà."

Dókítà yínmú. "Ní ilẹ̀ Finland yìí, ará oko wo ni kì í dáná ìwẹ̀ ní Sátidé? Ẹ lọ pa irọ́ yẹn fún màlúù yín. Ilé àwọn arúgbó ni bàbá ń lọ lónìí."

"Ilé wọn ni wọ́n fẹ́ kú sí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyáàfin, ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè awọ fọwọ́ kọ́wọ́. Wọn kì í ṣàdéédé fira wọn sílẹ̀. Iná ló tú wọn ká. Ẹ wo èjìká rẹ̀ níbi tí iná kò dé, awọ ibẹ̀ kò ní bó."

Ó fi àtàǹpàkò ra èjìká náà jẹ́jẹ́. Awọ ibẹ̀ bó wẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀lé àtàǹpàkò rẹ̀ bí èèpo ọ̀dùnkún bíbọ̀.

Urho yíjú sí dókítà.

"Ṣé ìwọ náà dáná ni, ọmọ mi?"