Díìsìkì Tó Ń Dán

Jíìpù Olóyè Fálànà wúwo bí ilé, bíréèkì rẹ̀ sì ti jẹ tán. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ òkè lálẹ́ náà, ó yà sí ìsọ̀ bàbá kan tó ń ta díìsìkì bíréèkì.

“Ẹ mú èyí tó nípọn, Olóyè. Òun ló lè dá jíìpù yín dúró.”

“Èyí tó rí bí ìdí ìkòkò? Èyí tó ń dán ni kẹ́ ẹ fún mi, kí n fín orúkọ mi sí i.”

Bàbá fa irú rẹ̀ kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ó ti sán, ó sì gbóná janjan, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lára ọkọ̀. ‘Olóyè Fálànà’ ni wọ́n fín sí i.

Olóyè tì í padà. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó nípọn.”

“A ti ṣíwọ́, Olóyè,” ni bàbá wí, ó sì fẹ́ fìtílà pa.