Télọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Wọn Òun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Télọ̀ kan wà ní Ìgbájọ, Bàbá Adégòkè ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ó fi ń wọn ọrùn àti ìbàdí ọmọ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọn òun náà tàbí kó kọ́ ọ ní nǹkan, ìjà dé.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ilé ìwòsàn rán arábìnrin kan, Bísóyè, sí i. Iṣẹ́ Bísóyè ni láti wá ohun èlò tó bá aláìsàn mu, kí aláìsàn lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀, kó máa jẹun, kó sì máa jáde. Bàbá wà lórí ibùsùn nígbà tí Bísóyè yọ téèpù. Ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn ibùsùn, ó wá na téèpù sí Bàbá lára.

Bàbá figbe ta. "Ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni? Èmi ò tíì kú o!"

"Ẹ má bínú, sà. Àga oníkẹ̀kẹ́ tí ẹ ó máa jókòó lé ni."

"Bọ́ síta!"

Bàbá tẹ àbúrò rẹ̀ láago pé kó ra àga oníkẹ̀kẹ́ tó tóbi jù lọ́jà wá, èyí tó yẹ àgbà.

Ọ̀sẹ̀ tí àga dé ni ìyàwó Rótìmí, ọmọ rẹ̀, bí ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ fún Bàbá. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí orúkọ ọmọ ti kọ́kọ́ jáde, ó sì ti tọ́jú ọ̀kan sínú. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó wọ agbádá, wọ́n ká àga pọ̀ gbé wọ yàrá, wọ́n tú u, wọ́n gbé Bàbá sórí rẹ̀, wọ́n ń tì í lọ sí àgbàlá. Gbàgà! Àga há sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, kò gbọ́. Oyin àti iyọ̀ ìkómọ sì wà nínú yàrá lẹ́yìn rẹ̀! Wọ́n wá ń na abọ́ oyin kọjá lórí fìlà rẹ̀, oyin ń kán sí i lágbádá. Àlùfáà tí ìkómọ méjì mìíràn ń dúró dè kò lè ṣe sùúrù. Àbúrò Bàbá ló sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá ń gbọ́ "Àmín" láti ibi tó há sí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Rótìmí," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kejì, "ta ní ń rán aṣọ láìwọn oníbàárà?"

Bàbá ránṣẹ́ pe Bísóyè. Kí ó tó wọlé, Bàbá ti na gbalaja sórí ibùsùn. "Ọmọ mi, wọ̀n mí."

"Ẹ dìde jókòó, Bàbá. Ẹni tó máa jókòó, ìjókòó la ti ń wọ̀n ọ́n."

Àga tí Bísóyè mú wá kéré, kò sì dán. Ó kọ́ Bàbá bí yóò ṣe fi ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì wà á. Bàbá gba ẹnu ọ̀nà kọjá wẹ́rẹ́, ó wa ara rẹ̀ dé àgbàlá, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé e lórí itan, ó sọ orúkọ tó ti tọ́jú sí i létí. Orúkọ kẹfà ni, nítorí ará ilé ti sọ ọ́ ní márùn-ún ṣáájú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ràn yín lọ́wọ́ lásìkò, nítorí ohun tó bá ni mu sàn ju ohun tó tóbi lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè.